Wálàá Inú Àpò Aṣáájú

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ mú Toyyibat lọ sí Akúrẹ́ gan-an ni wálàá, pákó ìkéwú Yèyé Kúlúsúmù, di àwátì.

Ìyá àgbà náà kírun àárọ̀ tán, ó gbójú sókè, kò rí i lórí ìṣó tó wà lókè ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó wo orí àjà, ó wo ẹ̀yìn àpótí, ó gbọn ẹní rẹ̀ wò, àfi bí ẹni pé pákó tó gùn tó apá èèyàn lè sá pamọ́ sábẹ́ ẹní. Láti ìgbà tí Sàúdátù ti wọlé ọkọ ní Ìṣẹ́, ọdún kẹtàlá rèé, kò sí ọjọ́ tí wálàá yẹn kúrò níbẹ̀. Kéwú ìlà mẹ́rin ló wà lára rẹ̀. Tàdáà tí wọ́n fi kọ ọ́ ti ṣá, ṣùgbọ́n ojú ṣì ń rí i. Gbogbo ọmọ ilé ló mọ̀ pé wọn kì í fọwọ́ kàn án. Ìdí rẹ̀ ni wọn kò mọ̀, Yèyé kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Sàúdátù, ibo ni wálàá mi wọlẹ̀ sí?"

"Mi ò rí i o, Yèyé. Ẹ jẹ́ kí n bẹ uṣu yìí tán, màá bá yín wá a."

Ìdírísù, ọmọ Yèyé, ọkọ Sàúdátù, ti yàrá jáde, ó ṣì ń so okùn ṣòkòtò rẹ̀. "Àbí o ti là á fi dá uná? Pákó gbígbẹ ni, mo mọ̀ ọ́."

Sàúdátù gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni èmi ó wá fi se uṣu? Ààrò rèé. Ẹ tú eérú wò."

Ìdírísù lóṣòó, ó sì tú eérú wò lóòótọ́. Bí kì í bá ṣe pé inú Sàúdátù ti bàjẹ́ láti àná, ẹ̀rín ni ì bá pa á.

Iyán àlejò ni iṣu tó ń bẹ. Àlejò ọ̀hún ni Àǹtí Tọ́lá, tó ń bọ̀ wá mú Toyyibat, ọmọ Sàúdátù. Obìnrin náà kò burú lójú. Ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ ni, kì í ti Akúrẹ́ dé lọ́wọ́ òfo, ó sì mọ orúkọ gbogbo ọmọ tó wà ládùúgbò, pàápàá àwọn ọmọbìnrin tó bá ti lè gbé garawa omi kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa mú wọn lọ fún àwọn tó ń wá ọmọ ọ̀dọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń sọ fún gbogbo òbí: "Wọ́n á fi í sí ilé-ìwé lọ́hùn-ún." Ilé-ìwé wo? Ta ló ti rí i rí? Máyọ̀wá, ọmọ ilé kejì, wà ní Praimárì Fọ́ọ̀ nígbà tó bá a lọ. Ọdún mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Ìgbà tó dé, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń nu ilẹ̀ tó ń dán, kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́, àpá omi gbígbóná sì wà ní apá rẹ̀ òsì.

Ká má purọ́ mọ́ Ìdírísù, kò kórìíra ọmọ rẹ̀. Ohun tó dùn ún ni pé nígbà òjò tó kọjá, àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí i. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó pe Toyyibat pé kó kà á. Ọmọ náà wo ìwé títí, ó ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìpàdé yẹn ni wọ́n ti pín irúgbìn kòkó tuntun, Ìdírísù kò sì sí níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ pé, "Ọdún márùn-ún gbáko, ọmọ ò lè ka ìpè. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Kó lọ kọ́ ọgbọ́n ìlú ńlá."

Ọmọ ni gbogbo wọn ń bú. Wọn kì í sọ pé ọmọ mẹ́tàdínláàádọ́ta ló wà ní kíláàsì yẹn, pé ìwé kíkà ẹyọ mẹ́rin péré ni wọ́n ní, pé méjì nínú rẹ̀ kò lẹ́yìn. Wọn kì í sọ pé tíṣà àtijọ́ fẹ̀yìntì, odidi ọdún kan sì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé ó yẹ kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Táàmù yìí ni Tíṣà Àrínọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìkẹ́rẹ́ dé. Àwọn tó jẹ̀bi jókòó sí ọ́fíìsì wọn, ẹ̀bi wá já lé orí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ náà ń bí èèyàn nínú.

Ibi tí wọ́n ti ń tú eérú ni Ìyá Máyọ̀wá bá wọn, ó wá dá ajọ̀ tó yá padà. Ìdírísù rí ẹlẹ́rìí.

"Ìyá Máyọ̀wá, ẹ bá mi bá obìnrin yìí sọ̀rọ̀. Láti àná ló ti fajú ro. Ṣebí ẹ̀yin náà fún Àǹtí Tọ́lá lọ́mọ. Ṣé Máyọ̀wá ò jẹun lọ́hùn-ún ni?"

Ìyá Máyọ̀wá ń wo ajọ̀ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń ka ojú ihò rẹ̀. "Ó jẹun," ló wí. Ó gbé ajọ̀ sílẹ̀, ó yí padà, ó lọ. Òun tí kì í kọjá láìkí Yèyé, kò kí Yèyé lọ́jọ́ yẹn.

"O gbọ́? Ó ní ó jẹun," Ìdírísù sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, bí ará yòókù bá ń wo ilẹ̀. Sàúdátù bẹ iṣu rẹ̀ tán. Ó gbé iṣu kaná.

"Toyyibat dà?" Ìdírísù tún bèèrè. Ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọmọ náà ti wọ aṣọ ilé-ìwé jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. "Ta ní ní kó lọ ulé-ùwé lónìí? Lọ mú un wá. Bí a bá ti kírun ọ̀sán tán, mọ́tò á dé, dẹ́rẹ́bà kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

Sàúdátù wé gèlè, ó bọ́ sọ́nà.

Kí ó tó dé ilé-ìwé ló ti ń gbọ́ ẹ̀rín. Ó gbà pé tíṣà kò sí ní kíláàsì ni, nítorí níbi tí tíṣà bá wà, ẹkún àti ohùn ẹgba ni òun mọ̀ mọ́ ọn láti kékeré. Ó yọjú lójú fèrèsé tí kò ní ilẹ̀kùn. Tíṣà wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó dúró láàárín àwọn ọmọ, ó di ẹnu àpò ìrẹsì kan mú. Ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí tábìlì ní pípadé. Lára pátákó dúdú, ó kọ ọ́ gàdàgbà: ÀWỌN AṢÁÁJÚ.

Wọ́n fi gèlè di ojú ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gabriel, ó ti ọwọ́ bọ inú àpò.

"Má tíì sọ orúkọ rẹ̀," Tíṣà wí. "Ohun tí ọwọ́ rẹ rí ni kó o sọ."

"Irin ni. Ó tutù. Ó gùn. Ó ní ibì kan tí èèyàn lè máa fà, kó sì tún máa tì."

"Ta ló lè ní irú rẹ̀?"

Gabriel ronú. "Ẹni tó ń fún kẹ̀kẹ́ ní atẹ́gùn."

Wọ́n yọ ọ́ jáde, pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ni lóòótọ́, gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Lékan ló mú un wá láti ilé wọn. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní òpópónà wọn. Tíṣà ní kí Lékan bọ́ sórí àga iwájú, ó ní láti ìsinsìnyí lọ kì í ṣe Lékan mọ́, bàbá àgbà ni, kí àwọn yòókù bèèrè ohun tó bá wù wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí òjò. Ta ló kọ́ yín? Ṣé wọn ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́? Nígbà tí kẹ̀kẹ́ ti yín bàjẹ́, ta ló bá yín tún un ṣe? Lékan ń dá wọn lóhùn bí àgbà, ó tilẹ̀ ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n tí kò ní.

Ohun tí Lékan sọ ni Tíṣà fi ẹfun kọ sára pátákó, bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n kà á. Wọ́n sì kà á. Sàúdátù dúró níbẹ̀, ọgbọ́n ọmọbìnrin náà wá ń yé e díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ẹnu wọn ti sọ ni ojú wọn ń wò. Báwo ni wọn kò ṣe ní mọ̀ ọ́n? Ìwé mẹ́rin ni ìjọba fún un, òun náà sì sọ ọmọ mẹ́tàdínláàádọ́ta di ìwé.

"Ẹ gbọ́," Tíṣà wí. "Èèyàn lè má lókìkí kó jẹ́ aṣáájú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rìn níbi tí kò sí ọ̀nà, tí àwọn tó kù wá ń gba ibẹ̀, aṣáájú ni. Ó lè wà nílé yín, kó máa bu ọbẹ̀ fún yín. Ta ló kàn?"

Ọmọbìnrin kan ti ọwọ́ bọ àpò. "Pákó ni. Ó dán. Ó ní ọrùn." Ó rẹ́rìn-ín. "Omorógùn ni."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Toyyibat nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì yọ wálàá Yèyé jáde nínú àpò ìrẹsì.

Sàúdátù fẹ́ wọlé lọ gbà á, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ọmọ rẹ̀ ti wé gèlè bí Yèyé ṣe ń wé e, ó ti tẹ̀, ó ti jókòó sórí àga aṣáájú, ó sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan bí Yèyé ṣe máa ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀.

"Kí lorúkọ yín, mà?"

"Kúlúsúmù."

"Kí lẹ kọ́kọ́ ṣe?"

"Èmi ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó kéwú ní àdúgbò wa. Ọkùnrin méjìlá ni wọ́n, èmi nìkan ni obìnrin. Wọ́n ní kí n jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo sì tètè mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ. Lẹ́yìn mi ni àwọn obìnrin yòókù wá."

"Ìgbà wo lẹ parí?"

Toyyibat wo wálàá ọwọ́ rẹ̀. "Mi ò parí."

"Kí ló dé, mà?"

Ọmọ náà wo Tíṣà, ó di ọmọdé padà. "Mi ò mọ̀. Yèyé kì í sọ ibẹ̀."

Tíṣà kò fipá mú un. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sára pátákó, títí dé ibi tí Yèyé kì í sọ. Ó ní ta ni yóò kà á, Toyyibat sì jáde. Ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀, ó ń kà á lọ. Ó há ní "ilẹ̀kùn". Kò sí ẹni tó já a gbà lẹ́nu rẹ̀, Tíṣà náà kò sọ ọ́ fún un, wọ́n dúró dè é. Ó wò ó, ó gbé ẹnu lé e díẹ̀díẹ̀, ó já, ó sì kà á dé ìparí. Omi dà lójú ìyá rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Ọmọ tí wọ́n ní kò lè ka ìpè nìyí.

Ìgbà tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré ni ó tó bá Tíṣà sọ̀rọ̀. Ó sọ ohun tó gbé e wá.

"Ẹ̀yin ńkọ́, mà?" Àrínọlá bi í. "Ṣé ẹ fẹ́ kó lọ?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí."

Tíṣà gbọn ẹfun ọwọ́ rẹ̀ nù. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà, mà. Bí iṣu tó ń hù ni. Bí wọ́n bá wú u nísinsìnyí, ó parí. Mi ò lè fi àwọn tó kù sílẹ̀, ṣùgbọ́n tá a bá ti jáde, èmi fúnra mi á mú un wá sílé."

Sàúdátù padà sílé lóun nìkan. Ọdún kẹtàlá tó ti ń jẹ́ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí yóò jẹ́ ẹ ní àbọ̀. "Tíṣà ò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀," ló wí. Ìdírísù bínú, ó sọ̀rọ̀ títí, Sàúdátù ń gún iyán rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wálàá, kò dá a sílẹ̀ fún un rárá. Ó wulẹ̀ sọ fún Yèyé pé wálàá náà yóò padà wálé.

Àǹtí Tọ́lá dé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó fi dẹ́rẹ́bà sílẹ̀ níta. Wọ́n gbé iyán síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹran ìgbẹ́. Ó yin iyán, ó yin ọbẹ̀, ó ní ilé tí Toyyibat ń lọ, omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀, wọ́n á sì fi í sí ilé-ìwé. Àpò aṣọ ọmọ náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Yèyé jókòó sórí ẹní rẹ̀ nínú pálọ̀, kò jẹ, kò mu, ó ń wo ìṣó òfìfo tó wà lókè ẹnu ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀ ni Toyyibat àti Tíṣà rẹ̀ wọlé. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé wálàá síwájú ìyá àgbà, ojú rẹ̀ ń dán.

"Yèyé, ẹ má bínú pé mi ò tọrọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà. Ṣùgbọ́n mo ti fọ̀ ọ́ fún yín."

Pákó náà funfun báláú. Kò sí ìlà kan lára rẹ̀.

Ìdírísù ló kọ́kọ́ dìde, ó ń tú bẹ́líìtì rẹ̀. Àǹtí Tọ́lá mi orí, òkèlè ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ ò rí i? Ìdí tó fi yẹ kó tètè lọ nìyẹn. Níbi tó ń lọ, wọ́n á kọ́ ọ." Tíṣà Àrínọlá kúnlẹ̀ ti ọmọ náà. Kì í ṣe Mùsùlùmí, kò mọ̀. "Ẹ̀bi mi ni, mà. Ó ní kí n fún òun lómi, mo fún un, mi ò bi í ohun tó fẹ́ fi ṣe."

Toyyibat ń wo ojú kan dé òmíràn, kò mọ ohun tó ṣe. Ní ilé-kéwú tí òun náà ń lọ ní Sátidé, Áàfáà kì í jẹ́ kí ọmọ gbé wálàá tí a kò tíì fọ̀ relé. Bí o bá ti kà á tán, kànga ló kàn. Ẹni tí kò bá fọ̀ ọ́, ẹgba ni. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa ló ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Yèyé ti gba wálàá, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lójú, lókè dé ìsàlẹ̀. "Ìdírísù, jókòó," ló wí. Ó wá bi ọmọ náà pé, "Ta ní ní kí o fọ̀ ọ́?"

"Áàfáà ní tá a bá ti kà á tán, ká fọ̀ ọ́."

"O kà á?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta, Yèyé, kí n tó bu omi sí i."

Ìyá àgbà mi orí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó rọra sọ ọ́, bí ẹni pé ọbẹ̀ ló ń sọ bí wọ́n ṣe ń sè. "Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Àárọ̀ tí wọ́n kọ ìlà mẹ́rin yìí fún mi, mi ò tíì kà á fún Áàfáà gbọ́ tí bàbá mi fi dé ẹnu ọ̀nà ulé-kéwú. Ó ní kí n gbé wálàá mi, mọ́tò ń dúró. Oǹdó ni wọ́n mú mi lọ. Obìnrin tó wá mú mi, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní n ó máa lọ sí ulé-kéwú lọ́hùn-ún."

Ó wo Àǹtí Tọ́lá, kò sí ìbínú lójú rẹ̀ rárá, ìyẹn gan-an ló le.

"Ọdún méje ni mo fi pọn ọmọ ọlọ́mọ. Mi ò fojú kan ẹnu ọ̀nà ulé-kéwú lọ́jọ́ kan. Ùgbà tí mo dé, wọ́n ní ọkọ ti wà ńlẹ̀. Ẹni tí ò bá tíì kà á kì í fọ̀ ọ́. Ohun tó fi wà lókè nìyẹn, Ìdírísù. Ìwọ ò bi mí rí."

Àǹtí Tọ́lá dá òkèlè rẹ̀ padà sínú àwo. Ìdírísù jókòó, ó tẹ orí ba, ọwọ́ rẹ̀ ti bọ́ lára bẹ́líìtì. Sàúdátù kò tíì rí ojú ọkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Àánú rẹ̀ ṣe é, inú rẹ̀ sì dùn, ó ń ṣe méjèèjì pọ̀.

Toyyibat tí kò mọ bí ọ̀rọ̀ àgbà ṣe wúwo tó ló gbé ẹnu sókè. "Ẹ kà á kí n gbọ́, Yèyé. Mo ti mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá ṣì í, màá sọ fún yín."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Yèyé fa ìborùn rẹ̀ síwájú, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bí ọmọ ilé-kéwú, ó gbé wálàá lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kéwú. Ó ka ìlà kìíní, ó ka ìkejì, ó ka ìkẹta. Ní ìlà kẹrin, ó há. Toyyibat kò sọ ọ́ fún un. Ó dúró dè é, gẹ́gẹ́ bí Tíṣà rẹ̀ ṣe dúró de òun náà láàárọ̀. Ìyá àgbà wá a, ó rí i, ó kà á parí.

"Ó pé," Toyyibat wí.

Níta, dẹ́rẹ́bà fọn fèrè mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì. Ìdírísù dìde, ó gbé àpò aṣọ ọmọ rẹ̀ wọ inú yàrá padà, ó sì jáde lọ sọ fún un pé èèyàn kan ṣoṣo ni yóò gbé.